Orin Ọwọ̀ ní Ìpótì

Àkùkọ kò tíì kọ lọ́jọ́ Ẹtì náà tí ìyàwó mi ti jí mi. "Bàbá Dúró, ẹ dìde. Ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ àforíjì kì í pẹ́ lórí ibùsùn." Mo ní n kò lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orin ni mo fẹ́ lọ tún ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó kó fúláàsì tíì àti búrẹ́dì sínú àpò mi, ó ní, "Ó dáa, alátùn-ún-ṣe. Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀."

Kí n tètè sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá àti orin ní yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ìjọ Kátólíìkì àdúgbò wa ní Ìbàdàn. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀tàn sọ ọ́: mo mọ iṣẹ́ náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ orin tí ohùn rẹ̀ kò bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, òdo ni mo máa ń fún un, màá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì. Mo ní ìtàn kan tí mo máa ń sọ, nípa àwọn tí wọ́n fẹ́ kọrin wọ ọkọ̀ ìgbàlà, tí ohùn orin gbé wọn lọ sórí ọkọ́ ìgbàlà. Mo máa ń ní, "Wọ́n ń lọ sí ọ̀run, wọ́n bá ara wọn lóko!" Kíláàsì á sì dàrú fún ẹ̀rín. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi sọ ìtàn yìí, n kò mọ̀ pé ara mi ni mò ń bú.

Ọdún tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ìpótì-Èkìtì ni wọ́n rán mi lọ. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, mo sì ń tẹ dùùrù àtijọ́ kan tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo sì rò pé kò sí ẹni tó tún gbọ́ orin tó mi ní gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire. Mo kọ orin kékeré kan, tí ègbè rẹ̀ lọ báyìí: "Olúwa, má fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Àárọ̀ Sátidé ni mo parí rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo bá níbẹ̀, mo bá kọ́ wọn. Màmá Mọ́níkà, olórí wọn, ló kọ́kọ́ gbé e.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní: dò, re, mí. Ọwọ́ tó wà lára wa, re-mí ni, òkè ló ń lọ. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí ègbè mi rọra sọ̀ kalẹ̀ bíi ti àwọn orin Látìnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, mo bá gbé ọwọ́ sórí re-dò. Re-dò kì í ṣe ọwọ́ mọ́ o. Ọwọ̀ ni, ohun tí a fi ń gbálẹ̀! Ní Ìbàdàn tiwa, ìgbálẹ̀ là ń pè é. A mọ ọwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú òwe ló kù sí fún ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí náà etí mi kò ta rárá. Àwọn ìyá Ìpótì ńkọ́? Ọwọ̀ ni wọ́n ń pè é lójoojúmọ́ ayé wọn, ọwọ̀ náà sì ni wọ́n dì mú lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn lórin.

Orin náà rìn. Ó dé ìjọ púpọ̀, ó dé Ìbàdàn pàápàá, wọ́n sì máa ń kí mi nítorí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé orin tuntun kọ̀wé pé àwọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí n fi ẹ̀dà tó péye ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìrìn àjò mi yìí. Mo yọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Bọ́sẹ̀dé, ọmọ Màmá Mọ́níkà, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Tíṣà, Màmá ní kí ẹ wá. Ó fẹ́ gbé ọwọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ẹ̀yin ni ẹ máa tẹ dùùrù sí orin ọwọ̀ yín."

Mo ní, "Orin ọwọ̀ wo?"

"Háà, Tíṣà! Orin ọwọ̀ yín kẹ̀!" Ló bá kọ ọ́ sí mi létí.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kọ ọ́ fúnra mi. Mo tún un kọ. Ọwọ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́. Ọdún mẹ́tàlélógójì! Èmi tí mò ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo! Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tí ń jókòó ti àṣìṣe. Ọjọ́ kejì ni mo kọ ohùn tuntun sí ègbè náà, èyí tí ọwọ́ ti gòkè bó ṣe yẹ. Ó dára, kí n má parọ́. Èrò mi ni pé kí n gbé e lọ sí Ìpótì, kí Màmá gbọ́ èyí tó tọ́ kó tó kúrò láyé, kí àwọn ìyá kọ́ ọ, kí n sì padà fi í ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Bí èyí àtijọ́ bá wọ inú ìwé, àwọn tí mo fún ní òdo á rí i, wọn á sì rẹ́rìn-ín mi títí dé ibojì.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni mo dé gáréèjì Ìwó Road. Ọkọ̀ Sìẹ́nà kan ń kó èrò Adó, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ èmi tí mò ń sọ̀ ní Aràmọ̀kọ. Mo ní ẹni tí kò dé Adó kò yẹ kó san owó Adó. Awakọ̀ náà, Ràṣídì, ọkùnrin oníkùn ńlá tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Bàbá, iwájú ni mo fi yín sí o. Owó ìjókòó iwájú ńkọ́?" Mo wọlé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu.

Láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, títì náà kò burú, àfi àwọn kòtò tó wà lẹ́yìn Gbọ̀ngán. Ilẹ̀ mọ́ wa kí a tó dé Iléṣà. Ní Ìwàràjà la ti yà sọ́wọ́ òsì kúrò lọ́nà Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni ilẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé òkè wà ní Ìbàdàn, ẹ wá wo ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Tiwa, ilé ló gun orí òkè. Tiwọn, òkè ló yí ilé ká, tí ọ̀nà sì ń lọ́ bí ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Òjò ti rọ̀ lóru, ìkùukùu bo orí igi, otútù sì mú débi pé gbogbo wa ti wíńdò. Ràṣídì sọ ọkọ̀ sí jíà kìn-ín-ní, ó ń gun ún díẹ̀díẹ̀, ó ń ní, "Ọlọ́hun Ọba, ìwọ lo ni bíréèkì."

Mò ń kùn orin tuntun mi lábẹ́ imú, kó má bàa bọ́ lórí mi. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi, tó ní òun ń ta aṣọ ní Ẹ̀fọ̀n, fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Orin tí ẹ ń kọ yẹn, ẹ ti ṣì í kọ."

Mo ní, "Báwo?"

"Kì í gòkè níbẹ̀ yẹn. Ó máa ń wá sílẹ̀ ni. Ẹ gbọ́." Ó bá kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì gbé ọwọ̀ sílẹ̀ sórí dò gbọnmọ-gbọnmọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà tí n kò gbọ́n.

Mo ní, "Madáàmù, èmi ni mo kọ orin yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Bàbá! Ẹni tó kọ orin yẹn ti kú tipẹ́. Fádà òyìnbó kan ni, ìyá mi ló sọ fún mi."

Ràṣídì yí ojú sí mi kíá, ó yí i padà sójú ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, òyìnbó ni yín, ẹ sì ti kú, ẹ wá ń bá mi ná owó ọkọ̀?" Ẹ̀rín bú nínú ọkọ̀. Inú bí mi díẹ̀, n kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n èmi náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà sọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, ó kí mi pẹ̀lẹ́tù, ó sì tún sọ fún mi láti ìta pé, "Ẹ rántí o, sílẹ̀ ló ń wá."

Ní Ìta-Awúrẹ̀ la ti dúró mu omi. Mo ra bọ̀ọ̀lì méjì àti ẹ̀pà, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni gbogbo rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sì gùn ju apá mi lọ. Aago mẹ́wàá kọjá kí a tó dé Aràmọ̀kọ. Níbẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ Ìjerò ní ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀. Àwa mẹ́rin ni wọ́n há sẹ́yìn, èmi àti ìyá kan tó gbé àpò gàrí lé ẹsẹ̀ wa méjèèjì. Ní Ìjerò, ọ̀kadà gbé mi lọ sí Ìpótì. Oko kòkó wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn ènìyàn sì ń kí wa láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n ti ń retí wa. Ní Ìbàdàn, bí ẹni tí o kò mọ̀ bá kí ọ láti ẹ̀gbẹ́ títì, àpò rẹ lo máa kọ́kọ́ dì mú.

Ilé Màmá kò kúrò níbi tí mo fi í sí, òrùlé ló yàtọ̀. Bọ́sẹ̀dé jáde wá pàdé mi. Tíṣà ni òun náà jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta ti wá di ìyá àgbà tó ń wọ awò ojú. Ó kúnlẹ̀, ó pariwo sínú ilé pé, "Màmá, Tíṣà Ìbàdàn ti dé!" Ẹ kíyè sí i: wọn kò pè mí ní Prófẹ́sọ̀. Ní Ìpótì, ohun tí a bá bá lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o kọ́kọ́ dé ni oyè rẹ títí ayé.

Màmá Mọ́níkà jókòó sórí àga onítìmùtìmù lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ti gbó, ara rẹ̀ ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọwọ́ òsì ló nà sí mi lórí. Ó ní, "Má bínú pé òsì ni, Tíṣà. Dìde, kú ọ̀nà. Ulé dára?" Ulé ni ilé lẹ́nu wọn, uṣu sì ni iṣu. Ọ̀rọ̀ Màmá kún fún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n màá máa kọ ọ́ bí àwa ṣe ń sọ ọ́, kó lè yé gbogbo wa. Ìgbà tí mo dìde ni mo tó rí i pé aṣọ ni wọ́n fi gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn. Mo bèèrè ohun tó ṣe é, ó ní, "Àìsàn ni. A óò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Jẹun ná."

Iyán ni. N kò ní sọ púpọ̀ nípa iyán Èkìtì, kí ìyàwó mi má bàa ka ìwé yìí kó bínú. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́ ló bá a rìn, pé wọn kò jẹ́ kí n lo ṣíbí, àti pé nígbà tí mo ní mo ti yó, Bọ́sẹ̀dé gbé òkèlè mìíràn sínú àwo mi, ó ní, "Yíyó Ìbàdàn nìyẹn."

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ṣàlàyé dò, re, mí fún Màmá. Mo sọ àṣìṣe mi láìfi bò, mo sọ pé ojú tì mí, mo sọ ti ìwé orin àti ọjọ́ Ajé. Mo wá kọ ègbè tuntun fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbọ́ ọ pẹ̀lú ojú dídì, ó ń mi orí.

Ó ní, "Ó dùn."

Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Ó ní, "Ó dùn gan-an. Orin ta ni?"

"Tiwa ni, Màmá. Orin wa náà ni, mo kàn tún un ṣe."

"Rárá o. Orin ọwọ́ nìyẹn. Orin ọwọ̀ tèmi dà?" Kò bínú, ó kàn ń bèèrè bí ẹni tó yá ẹnìkan ní abọ́, tí wọ́n wá dá abọ́ mìíràn padà fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè. "Gbé e lọ fún àwọn ìyá lọ́la. Ẹ dán an wò. Èmi ò ní di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Àárọ̀ Sátidé, aago méje, mo bá àwọn ìyá bíi méjìlá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìjọ tiwa ní Ìbàdàn, táìlì ni ilẹ̀, a sì ń sanwó fún àwọn tó ń fi mọ́ọ̀bù nù ún. Ní Ìpótì, sìmẹ́ǹtì ni, àwọn ìyá ìjọ ló sì ń gbá a fúnra wọn láti ẹsẹ̀ pẹpẹ títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á tò ní ìtò kan gbọọrọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì lẹ́yìn, wọ́n á sì máa gbá a lọ pọ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá yára jù tàbí tó falẹ̀ á da ìdọ̀tí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Orin ló ń so wọ́n pọ̀. Wọ́n gbé Màmá wá, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, ọwọ̀ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ọwọ̀ náà ti lò débi pé ó kúrú bí apá ọmọdé.

Dùùrù àtijọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí arúgbó, ṣùgbọ́n ó ń ké. Mo kọ́ wọn ní ègbè tuntun. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́ dáadáa, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ó yá, kí wọ́n dìde kí wọ́n gbálẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ó dàrú. Wọ́n gbá ìlà kan, ìtò wọn wọ́. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ìyá kan fi ọwọ̀ gbá ìyá kejì lẹ́sẹ̀, eruku bò wọ́n. Mo dá dùùrù dúró, mo kígbe pé, "Ẹ ò fetí sílẹ̀! Ohun tó rọrùn báyìí!" Ohùn tí mo fi ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí ni mo lò, àwọn tó dàgbà jù mí lọ sì wà níbẹ̀.

Màmá sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ńṣì. "Tíṣà. O kọ orin ọwọ̀ fún wa láti ọdún gbọọrọ wá. O ti fi gbálẹ̀ rí?"

Mo ní rárá.

"Wá gba tèmi. Fi orin tuntun rẹ gbálẹ̀, kí a wò ó."

Mi ò lè kọ̀. Mo dìde, mo gba ọwọ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbàdí mi dún kọ́, ìyá kan ní "Pẹ̀lẹ́ o." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: Olúwa, má fi... Nígbà tí mo dé orí ọwọ́, ohùn mi ń gòkè lọ, apá mi sì ń sọ̀ kalẹ̀. Èémí mi há. Mo tún un gbìyànjú, mo sáré tẹ̀lé ohùn náà, ọwọ̀ náà sì gbé eruku lọ sókè sí mi lójú. Àwọn ìyá di ẹnu mú, wọn kò lè di ẹ̀rín mú. Mo dúró. Mo wá kọ èyí àtijọ́, bí ẹni tó ń yẹ̀wò nǹkan tó sọnù. Re-dò. Ọwọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí dò, ilẹ̀ gbà á, ó dún ṣàà. Ó ṣí lọ síwájú fúnra rẹ̀. Mo gbá ìlà kan títí dé ẹnu ọ̀nà, n kò ṣìṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo nàró, òógùn ń bọ́ lójú mi. Lóòótọ́, ohùn orin Látìnì ni mò ń wá lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ohùn ìgbálẹ̀ ni mo sì rí.

Mo padà wá jókòó ti Màmá, mo gbé ọwọ̀ lé e lórí itan. Mo ní, "Màmá, ó bá iṣẹ́ mu, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ ni. Ọwọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún."

Ó fi òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè díẹ̀ nínú aṣọ, ó jọ̀ọ́ sílẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ bí ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ó ní, "Ọwọ́ tèmi ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀, Tíṣà. Bí mo bá kọ orin tuntun rẹ, kí ni mò ń bẹ Olúwa pé kó má fi sílẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi dé láti ọsibítù, mo ní ó ti tán, n kò tún wúlò. Bọ́sẹ̀dé gbé mi wá síbí, ó fi ọwọ̀ sí mi lósì. Mo gbá abẹ́ bẹ́ńṣì kan. Ẹyọ kan péré. Mo kọ orin rẹ, mo sunkún, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́. Gbogbo ènìyàn ló ní ọwọ́. Ọwọ̀ ni tèmi."

Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ títí agogo á fi lù, mo sunkún, mo sì sọ ọ́ báyìí nítorí pé òtítọ́ ni. Bọ́sẹ̀dé fún mi ní aṣọ ìnujú.

Màmá dìde pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́. Ó bèèrè pé, "Ta ni yóò gba ọwọ̀ mi?" Àwọn ìyá ti Bọ́sẹ̀dé síwájú, àwọn ló ti yàn án tẹ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ti wà nídìí dùùrù nígbà náà. N kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi mí èyí tí màá tẹ̀. Mo tẹ re-dò, wọ́n gbé e, ọwọ̀ méjìlá bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì dáhùn. Màmá ń kọ ọ́ láìsí ọwọ̀, ó ń fi òsì lu itan rẹ̀.

Lẹ́yìn Mísà Àìkú ni mo gbéra padà. Iṣu márùn-ún ni wọ́n dì fún mi, mo sì gbà láti máa pè é ní uṣu títí tí mo fi dé Aràmọ̀kọ. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe: Sìẹ́nà Ràṣídì náà ló ń bọ̀ láti Adó. Ó ní, "Òyìnbó tó kú! Ṣé ẹ rí orin yín tún ṣe?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n, tí oòrùn sì ti ká ìkùukùu kúrò, tí a lè rí ìlú náà gbalasa. Ó wá ní, "Bàbá, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Kò sì gba owó iwájú lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi bèèrè ní alẹ́ Àìkú bóyá mo tọrọ àforíjì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́wọ́ àwọn ìyá méjìlá, nítorí igbe tí mo ké mọ́ wọn. Ó ní èyí nìkan tó owó ọkọ̀. Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́ mi lára: mo mọ bí a ṣe ń gbọ́ àṣìṣe, n kò tíì mọ bí a ṣe ń gbọ́ àwọn tó ti fi àṣìṣe náà ṣiṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fi orin náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. N kò yí ohùn kan padà. Àmì kékeré kan ṣoṣo ni mo yí lórí ọ̀rọ̀ kan: èyí tó gòkè, mo jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Kò pé wákàtí kan tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ fi pè mí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn olódo.

Ó ní, "Prófẹ́sọ̀, ẹ jọ̀wọ́ sà, ó dà bí ẹni pé ẹ ṣì í kọ níbì kan. Ọwọ̀ ni mo rí níbí. Ìgbálẹ̀ ni ẹ ní lọ́kàn ni?"

Mo ní, "Ọwọ̀ ni. Tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe rí i."

Mò ń gbọ́ ọ tó ń kùn ún lábẹ́ imú, ó ń bá ohùn rẹ̀ wò. "Háà. Ó bára mu, sà." Ó wá ní, "Orúkọ yín nìkan ni kí n kọ sí i, àbí? Orin àti ọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Rárá. Orin, tèmi. Ọ̀rọ̀, ti Mọ́níkà, agbálẹ̀, Ìpótì-Èkìtì."